Ìdí Tí Mo Fi Dúró sí Ẹ̀yìn Fẹ́ǹsì

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ní Altona, ní ìlú Hamburg. Oòrùn mú. Àwa mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an: èmi, Mojí ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, obìnrin òyìnbó kan tó fi aṣọ so ọmọ ọwọ́ mọ́ àyà, àti ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan tó ń lá áísìkirímù. Àwọn mẹ́ta wà nínú ibi ìṣeré àwọn ọmọdé. Èmi wà níta. Fẹ́ǹsì onígi kékeré kan ló là wá láàárín. Kò ga dé ìbàdí mi. Ewúrẹ́ tó bá ní làákàyè yóò fò ó.

Obìnrin náà wá bá mi. Ó béèrè lédè Jámánì pé, "Ta ni ẹ ń wò?"

Mo ní, "Ọmọ mi."

Ó wo Mojí. Ó wò mí. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi wà níta?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Jámánì tí mo gbọ́ kò gbé e. Ká tiẹ̀ ní Yorùbá ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, ọ̀nà jíjìn ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀.

*

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Mo ti di baálé ilé kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà ní Ọ̀yọ́. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ. Òun ló ń gbé àtùpà fún mi tí mo bá ń kọ lẹ́tà Á-Bí-Dí, tí Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo, á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó mi kú, Mọ́rẹ́nikẹ́ ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ilé náà tóbi jù mí lọ. Wọ́n ń wá àwọn ọkùnrin tó mọ̀ nípa igi gbígbìn, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kan nínú aṣálẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Mo mọ igi í gbìn. Mo lọ.

Ooru ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dá mi níjì. Ohun tó dá mi níjì ni pé igi kọ̀ọ̀kan ló ní páìpù omi tirẹ̀. Bí omi bá dá, igi kú. Kò sí igi kan níbẹ̀ tó dá hù fúnra rẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n ti kó gbogbo wọn wá, bíi tiwa.

Ọgbà ìgbafẹ́ kan ni wọ́n fi mí sí. Koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, iyanrìn sì yí i ká títí dé ibi tí ojú lè rí mọ. Ní ọ̀sán, kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń yọ̀ wálẹ̀ lè bó ẹsẹ̀ ọmọ. Wọ́n na aṣọ ńlá bò ó lórí, síbẹ̀ ó ń gbóná. Lára iṣẹ́ mi ni pé tí oòrùn bá ti wọ̀, kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà. Bó bá ti tutù, mo máa sọ fún ẹni tó wà nídìí iná. Wọ́n á tan iná ọgbà, wọ́n á ṣí géètì.

Ẹ wá wo èèyàn! Bàbá, ìyá, ìyá àgbà, ọmọ rẹpẹtẹ. Wọ́n á tẹ́ ẹní sórí koríko, wọ́n á gbé tíì jáde, wọ́n á máa yan ẹran. Àwọn ọmọ á sáré títí wọ́n á fi sùn lọ léjìká bàbá wọn. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń kẹ́ ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbà àwọn ìdílé ni. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára géètì: ọkùnrin, obìnrin, ọmọ. Ọkùnrin tí kò bá mú aya tàbí ọmọ dání kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ní kí ara lè rọ àwọn obìnrin ni. Mi ò bínú sí òfin náà. Bí mo bá wọ aṣọ iṣẹ́, mo ń gba ẹ̀yìn wọlé. Bí wọ́n bá ti tan iná, mo ń ká páìpù mi, mo ń jáde, mo sì ń ti géètì ẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ ìsinmi mi kan, mo wọ bùbá funfun. Mo ra ẹ̀pà. Mo ní mo fẹ́ lọ jókòó sábẹ́ igi kan tí mo fọwọ́ ara mi gbìn. Kàrímù, ọmọ Ìlọrin, ló wà ní géètì iwájú. Yàrá kan náà ni èmi àti òun ń sùn.

Ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, níbo lẹ mórí lé bíi ọkọ ìyàwó?"

"Mo fẹ́ wọlé jókòó díẹ̀."

"Ìyàwó yín dà?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. "Ṣebí o mọ̀ pé ó ti kú."

"Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ yín dà?"

"Ó wà ní Jámánì."

"Ẹ ké sí i kó wá fà yín lọ́wọ́ wọlé." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kámẹ́rà wà lókè yẹn. Tí mo bá ṣí i fún yín, Ìlọrin ni mo máa bá ara mi lọ́la."

"Kàrímù, èmi ni mo gbin igi yẹn."

"Mo mọ̀. Igi yẹn ti wọlé. Ẹ̀yin ni ò lè wọlé."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kí ni à bá ṣe? Mo bù nínú ẹ̀pà náà fún un. Mo lọ dúró sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, mo ń jẹ ìyókù, mo ń wo àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń lo ọjọ́ ìsinmi mi nìyẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró: èèyàn kì í fara ti fẹ́ǹsì, ọwọ́ á wà lẹ́yìn, ojú kò ní pẹ́ lára obìnrin ẹnikẹ́ni. Ọdún gorí ọdún. Ẹsẹ̀ mi kọ́ ibi tó yẹ kó dúró sí.

*

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé Jámánì. Ìwé pọ̀, ìdúró pọ̀, ó tán. Berlin ni mo ti ríṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń tọ́jú àwọn ibi ìṣeré ọmọdé ní agbègbè Tempelhof. Spielplatz ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fún mi ní aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn àti réèkì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Uwe, tó ju mí lọ díẹ̀, ló kọ́ mi níṣẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bi í pé, "Ta ló ń ṣí géètì?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Ó wà ní ṣíṣí."

"Ta ló wá láṣẹ láti wọlé?"

"Àwọn ọmọ."

"Ọkùnrin ńkọ́?"

"Ọkùnrin wo?"

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo mú réèkì mi.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé a ó bá ibẹ̀ lófìfo. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, tí mo la ẹnu sílẹ̀. Àwọn ọmọ kún ibẹ̀, wọ́n wọ aṣọ rọ́bà, wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń pò ó bí ẹni po àmọ̀ ilé. Ọ̀kan bu iyanrìn sẹ́nu. Ìyá rẹ̀ rí i. Mo ń retí igbe. Obìnrin náà ní, "Ṣé ó dùn?" Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà padà sídìí ìwé tó ń kà.

Ọ̀rọ̀ òjò lèyí o. Nígbà tí ooru dé, mo tún rí omíràn. Wọ́n ní ibì kan tí omi ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀, kìkì kí àwọn ọmọ lè máa sá gba inú rẹ̀ kọjá. Ìhòòhò goloto làwọn míì wà. Omi ń ṣàn lọ, kò sẹ́ni tó fi bomi rin nǹkan kan. Mo ń wá ibi tí wọ́n á ti pa á. Uwe ní kí n fi í sílẹ̀. Mo rántí àwọn igi mi tó ní páìpù kọ̀ọ̀kan, ọkàn mi ṣe mí bákan.

Mo rí ọmọ kékeré tó gun okùn dé ibi tó ga ju òrùlé ilé wa lọ, tí bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó ń mu kọfí. Mo rí bàbá arúgbó kan, òun nìkan, tó jókòó sórí jangilófà, tó ń fi ara rẹ̀ fì. Kò sẹ́ni tó wò ó. Èmi nìkan ni mo wò ó. Mo wò ó títí ó fi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ọ̀yọ́.

"Iṣẹ́ wo lo rí?"

"Ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ni mò ń tọ́jú."

"Ìwọ tí ewú ti gba orí rẹ? Kí lò ń tọ́jú níbẹ̀?"

"Mò ń gbá ewé. Mò ń ṣa ìgò fífọ́ kúrò nínú iyanrìn. Mò ń wo ṣéènì jangilófà bóyá ó ti ń dógùn-ún."

"Ọmọ ta ló ń ṣeré níbẹ̀?"

"Ọmọ wọn."

"Tìrẹ dà?"

"Ó wà ní Hamburg."

"Ṣé ó jìnnà ni?"

"Rárá. Rélùwéè á gbé èèyàn débẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú."

Ó ní, "Ó dára. Máa ṣa ìgò fún ọmọ ọlọ́mọ."

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í lu èèyàn, á kàn gbé pàṣán lé e lẹ́sẹ̀.

Lichtenberg ni mo ń gbé, nínú ilé gíga kan. Tí mo bá wo ìsàlẹ̀ láti fèrèsé mi, mo ń rí ibi ìṣeré kan láàárín àwọn ilé. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń gbé àga sídìí fèrèsé náà. Ohùn àwọn ọmọ ń dé ọ̀dọ̀ mi lókè àjà tí mo wà. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ rí. Ní Tempelhof, pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn, mo ń wọ ibi ìṣeré bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mi ò bá wọ̀ ọ́, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Mi ò ronú sí i. Ẹja kì í ronú nípa omi.

Ayọ̀ kékeré wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá arúgbó kan tó ní ajá ń gbé lájà kan náà pẹ̀lú mi. Mo ń kí i láràárọ̀, kò dáhùn. Mi ò dẹ́kun. Ó dé ọjọ́ kan, òun ló kọ́kọ́ kí mi. Orí mi wú bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo pe Mọ́rẹ́nikẹ́ kí n lè sọ fún un.

*

Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Hamburg. Ọkọ rẹ̀ ń tún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba iná láti inú afẹ́fẹ́ ṣe, lórí òkun. Bó bá lọ, ó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wálé. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, Mọ́rẹ́nikẹ́ á pè mí, á gbé fóònù tí wọ́n ti ń rí ojú mi sórí àga, Mojí á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ibẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ parí sí. Ohun yòówù kí n bi í lẹ́yìn ìyẹn, Jámánì ló fi ń dáhùn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí wọn, ọmọ náà yí mi po, ó wo ẹ̀yìn mi. Ìyá rẹ̀ béèrè ohun tó ń wá. Ó ní òun ń wo ibi tí mo gbà jáde nínú fóònù.

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú rélùwéè tó gbé mi padà sí Berlin, ẹ̀rín náà kò bá mi wọlé.

Ìgbà ooru yìí ni wọ́n yí àkókò iṣẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ padà. Yóò máa jáde kí Kita tó ṣí, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó nílò ẹni tí yóò máa gbé pẹ̀lú wọn. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo dé lálẹ́ ọjọ́ Fráídè.

Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa pátápátá."

Mo ní, "Ó dáa."

"Ẹ ò tíì jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ọmọ yìí ò mọ̀ yín, Bàbá. Inú fóònù ló ti mọ̀ yín. Ẹ̀yin náà, ẹ kì í sọ̀rọ̀."

"Mò ń sọ ọ́ báyìí."

"Ẹ wò ó." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo níṣẹ́ lọ́la. Ẹ mú un lọ sí Spielplatz tó wà ní ìkóríta yẹn. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lo ọ̀sán yẹn. Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, tó rọ òun náà lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti parí."

"Bí kò bá rọ̀ wá lọ́rùn ńkọ́?"

"Obìnrin kan wà tó lè máa bá mi tọ́jú ẹ̀. Ó ń retí èsì mi lọ́jọ́ Àìkú."

Mi ò sọ fún un bó ṣe wù mí tó. Mo ní kó jẹ́ kí n fọ abọ́.

*

Mojí ń lọ níwájú mi, kò di ọwọ́ mi mú. Ó ti géètì kékeré náà ṣí, ó wọlé, ó sáré.

Ẹsẹ̀ mi dúró.

Mi ò pinnu rẹ̀. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń ka ìwé yìí. Mi ò ní kí n má wọlé. Ẹsẹ̀ mi ló dúró, ọwọ́ mi pa géètì dé lẹ́yìn ọmọ náà, mo sún sẹ́yìn, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mi ò wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Bùbá funfun ni mo wọ̀.

Mojí ké láti orí iyanrìn pé, "Kommst du?" Ó ń bi mí bóyá mò ń bọ̀.

Mo juwọ́ sí i pé kó máa ṣeré. Ó tún wò mí. Ó fajú ro, ó kẹ̀yìn sí mi.

Mo rí i tí obìnrin tó so ọmọ mọ́ àyà ń wò mí. Mo mọ irú ìwò yẹn. Kí ara lè rọ̀ ọ́, mo sún sẹ́yìn sí i, mo lọ dúró lẹ́bàá igi kan. Ìyẹn gan-an ló wá fu ú lára. Ó lọ sọ ọ́ sí onírùngbọ̀n pupa létí. Mojí ti ń gun àkàbà irin ìyọ̀, èyí tí wọ́n fi ń yọ̀ wálẹ̀, nígbà náà. Ó dára lójú mi. Mo ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Mo gbé fóònù sókè.

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà dìde, tó wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi wà níta.

Mo ṣa èdè Jámánì mi jọ. Mo ní, "Mi ò gbọdọ̀ wọlé."

Gbólóhùn tó pé ni. Ìlú ló ṣì.

Ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú obìnrin náà. Ó fi ọwọ́ bo orí ọmọ tó wà láyà rẹ̀. "Ta ló kà á léèwọ̀ fún yín? Ṣé ilé ẹjọ́ ni?"

"Òfin ni," mo ní. "Ọkùnrin nìkan, kò gbọdọ̀."

Onírùngbọ̀n pupa ju áísìkirímù rẹ̀ sílẹ̀, ó fa fóònù yọ. Mo gbọ́ ọ tó ń pe ọlọ́pàá. Ó ń ṣàpèjúwe mi: ọkùnrin dúdú, ó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, aṣọ funfun, ó ń ya fọ́tò àwọn ọmọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Kò pa irọ́ kankan. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi òótọ́ nìkan ya àwòrán tí kì í ṣe ti ẹni náà.

Mo pe Mọ́rẹ́nikẹ́. Fóònù rẹ̀ dún, ó dún, kò gbé e. Bó bá wà níbi iṣẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni fóònù rẹ̀ ń wà.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Mojí. "Ṣé o mọ bàbá yìí?"

Mojí wò ó. Ní Kita, wọ́n kọ́ wọn pé bí àgbàlagbà tí wọn ò mọ̀ bá bi wọ́n ní nǹkan, kí wọ́n má dá a lóhùn. Mo rí i bó ṣe pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Kí ni mo lè fi hàn wọ́n pé ọmọ mi ni? Mo wá rántí pé a kò tíì kí ara wa dáadáa láti àárọ̀. Mo pè é. Mo ní, "Mojí, ṣé o ti kí Bàbá?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, eékún méjèèjì, bó ṣe ń kúnlẹ̀ níwájú fóònù.

Obìnrin náà fò sókè. "Kí ló dé tó fi kúnlẹ̀? Kí lẹ máa ń ṣe fún ọmọ yìí tó fi ń kúnlẹ̀?"

Mo ti rí ohun tó bà mí lẹ́rù láyé mi. Mo ti rí ìjì aṣálẹ̀ tó sọ ọ̀sán di òru. Ṣùgbọ́n ara mi ò bù máṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó dára jù lọ tí ọmọ mi fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń na ìka sí, bí ẹni pé ẹ̀rí ìwà ibi ni. Àwọn òbí míì ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ń kó ọmọ wọn mọ́ra. Mo dúró gbagidi. Mo rò ó pé bí mo bá sá, ó parí. Bí mo bá fò wọlé, ó parí. Ó sì ti parí náà, torí Mọ́rẹ́nikẹ́ yóò gbọ́.

Mojí dìde. Ó gbọn iyanrìn kúrò lórí eékún rẹ̀, èkíní, èkejì, kò kánjú. Ó rìn wá sí géètì. Onírùngbọ̀n pupa fẹ́ dá a dúró, Mojí wò ó láti òkè délẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wo èèyàn. Ó bá a sọ ọ́ lédè Jámánì, ketekete:

"Bàbá mi nìyẹn. Inú fóònù ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó ti jáde."

Ẹnu ọkùnrin náà là sílẹ̀. Ó ṣì di fóònù mú létí.

Mojí ṣí géètì. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo géètì tó ṣí. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ẹsẹ̀ mi ò tíì gbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mí mú, ó fà, ó tún fà. Ó wá sọ Yorùbá kan tí mi ò mọ̀ pé ó ní. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, nígbà tí àlejò bá dé.

"Ẹ wọlé."

Mo wọlé.

*

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n bá mi, tí Mojí ń da iyanrìn sí bàtà mi. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n gba ìwé mi, wọ́n pe ọsibítù, wọ́n bá Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n dá ìwé mi padà, wọ́n kí mi pé ó dàbọ̀, wọ́n lọ.

Obìnrin tó so ọmọ mọ́ àyà wá bá mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú. Mi ò sì purọ́. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọmọ kò ṣẹ̀ mí. Ká ní ó rí ohun tó rí, tó sì dákẹ́, ìyẹn ni ì bá bà mí lẹ́rù fún Mojí.

Mọ́rẹ́nikẹ́ dé. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó gbé Mojí, ó gbé e sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, inú ń bí i.

"Bàbá, ọlọ́pàá pè mí níbi iṣẹ́. Níwájú ọ̀gá mi. Kí lẹ ń wá lẹ́yìn fẹ́ǹsì?"

Mo sọ ọ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ ti ọgbà náà, ti àwòrán ara géètì, ti bùbá funfun àti ẹ̀pà. Nígbà tí mo dé ibi tí Kàrímù ti ní igi yẹn ti wọlé, mo rẹ́rìn-ín, torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mọ́rẹ́nikẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ìgbà tí ẹ ń fi fọ́tò ọgbà yẹn ránṣẹ́ sí mi, tí mò ń fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ibi tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nìyí."

"Ọgbà náà dára."

"Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì lẹ ti ń ya wọ́n?"

Ó nu ojú rẹ̀. Mo rò pé yóò ní ó ti tán, kí n kó ẹrù mi padà lọ. Ohun tó sọ le ju ìyẹn lọ.

"Ẹ ti kúrò níbẹ̀, Bàbá. Fẹ́ǹsì yẹn ò tíì kúrò lára yín. Bí mo bá fi Mojí sílẹ̀ fún yín, tí ẹ̀yin ń dúró síta, ta ni yóò wà nínú pẹ̀lú rẹ̀?"

Nígbà tí a délé, ó lọ wẹ̀. Mo jókòó sí ìdáná. Mo rò ó pé ilé ayé yìí kún fún géètì, àti pé èyí tí wọ́n tì mọ́ èèyàn kò burú tó èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ tí kò lè wọ̀. Ní Lichtenberg, kò sẹ́ni tó ní kí n má sọ̀ kalẹ̀. Ní Hamburg, kò sẹ́ni tó ní kí n má wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti béèrè bóyá ó jìnnà. Ìbéèrè rẹ̀ ló yẹ kí n dáhùn, mo dáhùn ti rélùwéè.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo wẹ̀, mo wọ bùbá funfun kan náà. Mo ní kí Mojí wọ bàtà. Mọ́rẹ́nikẹ́ wà nídìí fèrèsé ìdáná, tó kọjú sí ibi ìṣeré náà. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì pe obìnrin tó fẹ́ bá a tọ́jú ọmọ.

Ó ní, "Níbo?"

Mo ní, "A ń lọ ṣeré."

Mojí di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣí géètì. Mo kọ́kọ́ wọlé, ó tẹ̀lé mi. Mo yíjú padà, mo sì ti géètì náà. Mo ti ti géètì ọgbà sẹ́yìn ara mi láìmọye ìgbà, ìta ni mo máa ń wà. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ni mo wà.

Mo gbé ojú sókè. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti gbé fóònù sétí. Ó ń mi orí sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ pé rárá, ó ń fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí wa.

Mo lọ sídìí irin ìyọ̀. Oòrùn ti ń là. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e, mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Ó tutù. Mo ní kí Mojí máa bọ̀.